Ọjọ́ Ìbí Àgbàlagbà: Àwọn Wo Ni Ó Yí I Ká?

Agbára káká ni oṣù kan fi ń kọjá nínú àwọn ìjọ wa báyìí kí a má rí bàbá tàbí ìyá kan tí yóò jáde síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́ pé òun pé ọdún 60, 70 tàbí 80. Akọrin a dìde, àwọn ọmọ a wọ aṣọ kan náà, pásítọ̀ a gbàdúrà, ìjọ a sì bá wọn jó dé ibi àpótí ọrẹ. Ohun dídùn ni. Ẹni tí Ọlọ́run bá dá sí di ọjọ́ ogbó gbọ́dọ̀ dúpẹ́, nítorí kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe rẹ̀. Àwọn tí ó jù ú lọ lágbára ti lọ. Àwọn tí ó jù ú lọ lọ́gbọ́n náà ti lọ.

Ṣùgbọ́n, olùkà mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ojú ewé yìí. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, nígbà tí a bá dé abẹ́ àtíbàbà, ta ni ó jókòó ti ọlọ́jọ́ ìbí? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn àna, àwọn olóyè àti àwọn tí ó ra aṣọ ẹbí ni ó yí i ká, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún 50 sẹ́yìn sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, a jẹ́ pé a ṣe àríyá ni, a kò tíì ṣe ọjọ́ ìbí bàbá.

Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Ṣe Ọjọ́ Ìbí?

Àwọn ará kan wà tí ó gbà pé iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Bíbélì dárúkọ ọjọ́ ìbí tí ọba ṣe àsè sí, ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni a sì pa ènìyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fáráò se àsè ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó dá olórí agbọ́tí padà sí ipò rẹ̀, ó sì so olórí alásè kọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 40:20-22). Hẹ́rọ́dù náà pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, ọmọdébìnrin kan jó fún wọn, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti wà nínú àwo (Máàkù 6:21-28).

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí ni ó pa Jòhánù. Ìbúra tí a kò rò kí a tó bú, àti ìtìjú níwájú àlejò ni ó pa á. Inú Hẹ́rọ́dù kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ojú àwọn tí ó bá a jókòó nídìí oúnjẹ kò jẹ́ kí ó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni ó yí i ká ní ọjọ́ náà, ẹnìkan ìbá ti fà á létí pé, “Kábíyèsí, ẹ má ṣe é.” Kò sí ẹnìkan. Nítorí náà, ìbéèrè tí a bèèrè lókè ni ìtàn yìí náà ń bi wá: àwọn wo ni ó yí ọ ká?

Ní ti àwọn ọmọ Jóòbù, olúkúlùkù wọn a máa se àsè ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, wọn a sì pe àwọn arábìnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti bá wọn jẹun. Àwọn olùkọ́ni kan gbà pé ọjọ́ ìbí ni ọjọ́ tí ibẹ̀ ń wí. Jóòbù kò torí rẹ̀ bá wọn jà. Bí ọjọ́ àsè bá ti pé, a dìde ní kùtùkùtù, a sì rúbọ fún wọn (Jóòbù 1:4-5). Àpẹẹrẹ rere ni fún wa: kí a jẹun, kí a sì gbàdúrà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, kí ó má ṣe dá ẹni tí ó ń ṣe é lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe é, kí ó rí i pé Olúwa ni òun ń ṣe é fún (Róòmù 14:5-6).

Ìgbà Tí Kò Sí Ìwé Ìbí

Àwọn ọ̀dọ́ wa lè má mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn òbí àti òbí àgbà wa ni kò ní ọjọ́ ìbí tí a kọ sílẹ̀. Àwọn tí a sàmì fún ní kékeré nínú ìjọ àwọn òyìnbó ajíhìnrere lè rí orúkọ wọn nínú ìwé ìjọ. Ní ti àwọn ìyókù, ìṣẹ̀lẹ̀ ni a fi ń ka ọjọ́ orí wọn. Ìyá àgbà a ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ni a bí òun, ìyẹn 1918. Bàbá àgbà a ní òun ti lè gbé ọkọ́ ní oko nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ọ̀ọyẹ́ ní Iléṣà, lábẹ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ìyẹn 1930. Ẹlòmíràn a ní ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, láàrin 1939 sí 1945. Ẹlòmíràn a ní ọdún tí òòrùn ṣókùnkùn lójú ọ̀sán ni, ìyẹn oṣù karùn-ún 1947. Àwọn tí wọ́n ń pé 70 ní ọdún díẹ̀ sí àkókò yìí ni a bí nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, tàbí nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956.

Nígbà tí ọmọ bá sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, a ó ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti tó. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ tí kò tètè ga a máa jókòó sílé nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n wá dàgbà, tí iṣẹ́ ìjọba bèèrè ìwé, wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní ilé ẹjọ́. Ọjọ́ tí a bá wọn yàn nígbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi ṣe ọjọ́ ìbí títí di òní. Lábẹ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992, dandan ni kí a forúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ, ẹ má ṣe fi èyí jáfara.

Kí ni gbogbo èyí fi kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kí ìwé tó dé, ènìyàn ni ìwé. Ẹgbẹ́ ẹni ni ó ń jẹ́rìí ọjọ́ orí ẹni: “Èmi àti òun ni àwọn ìyá wa jọ pọ̀n lọ sí ọjà ní ọdún náà; oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú.” Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti lọ, ojú ewé kan ti fàya nínú ìwé ìtàn wa, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ó lè bá wa kọ òmíràn.

Ẹni Tí Ó Lè Pe Orúkọ Rẹ

Ní ilẹ̀ wa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Bí obìnrin bá ti bímọ, a di Ìyá Lágbájá. Bí ó bá dàgbà sí i, a di Màmá. Nínú ìjọ, a di Ìyá Ìjọ. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ìyá ẹni ọdún 75 bá ti sin bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, ta ni ó kù tí ó lè dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ó sì ké pè é pé, “Àbẹ̀kẹ́, o kò tíì jí?” Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ìyá. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní arúgbó. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n ní ọmọge, tí ó mọ̀ pé òun ni ó máa ń dá orin lálẹ́ òṣùpá, pé kò sí ẹni tí ó lè bá a sáré dé odò.

Ẹ ti lè rí i rí níbi àríyá. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ti jókòó láti àárọ̀, ó ń dáhùn “ẹ ṣé o, ẹ ṣé o” fún àwọn tí kò dá mọ̀. Lójijì, ìyá mìíràn fi ọ̀pá rìn wọlé, ó dúró, ó sì ké oríkì rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìyá ọlọ́jọ́ ìbí yóò dìde láìsí ẹni tí ó fà á lọ́wọ́. Orúnkún tí ó ti ń dùn ún láti òwúrọ̀, kò ní rántí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí owó kò lè rà nìyẹn. A lè yá àga, a lè yá àtíbàbà, a lè háyà onílù; a kò lè yá ẹni tí ó mọ̀ wá ní kékeré. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ọ̀rẹ́ tí ó bá wà pẹ̀lú wa fún ọdún 50, àánú Ọlọ́run ni. Ìdí nìyí tí ìwé Òwe 27:10 fi kìlọ̀ kí a má ṣe kọ ọ̀rẹ́ tiwa sílẹ̀, kí a má sì ṣe kọ ọ̀rẹ́ bàbá wa sílẹ̀. Ẹ kíyè sí apá kejì yẹn, ẹ̀yin ọmọ: ọ̀rẹ́ bàbá yín jẹ́ ohun ìní tí a fi sí yín lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ Lára Básíláì

Nígbà tí Ábúsálómù lé Dáfídì bàbá rẹ̀ kúrò nínú ààfin, tí ebi àti àárẹ̀ mú ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ijù, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kó ibùsùn, ìkòkò, ọkà, ìyẹ̀fun, ẹ̀wà, oyin àti àgùntàn wá bá wọn ní Máhánáímù (2 Sámúẹ́lì 17:27-29). Ọ̀kan nínú wọn ni Básíláì ará Gílíádì. Ẹni ọdún 80 ni. Kò dúró kí ó wo ibi tí ogun yóò fì sí kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ogun parí, tí Dáfídì ń padà sórí oyè, ó fẹ́ san oore. Ó ní kí Básíláì bá òun lọ sí Jerúsálẹ́mù kí òun máa bọ́ ọ nínú ààfin. Ẹ gbọ́ èsì bàbá náà ní 2 Sámúẹ́lì 19:34-37. Ó bi ọba pé ọjọ́ mélòó ni ó kù fún òun láyé. Ó ní oúnjẹ kò dùn lẹ́nu òun mọ́, etí òun kò sì gbọ́ orin àwọn akọrin mọ́. Ó ní òun yóò sin ọba sọdá Jọ́dánì díẹ̀, lẹ́yìn èyí kí a jẹ́ kí òun padà sí ìlú òun, níbi tí a sin bàbá àti ìyá òun sí. Ó wá bẹ̀ ẹ́ kí ó mú Kímhámù lọ dípò òun.

Ààfin, oúnjẹ aládùn, akọrin: ṣé kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń kó jọ fún àwọn òbí wa lónìí náà nìyẹn? Ohun tí ọba rò pé yóò dùn mọ́ bàbá náà kọ́ ni bàbá náà ń fẹ́. Ohun tí ó sì wú mi lórí jù ni pé Dáfídì gbọ́ tirẹ̀. Kò ní, “Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀, mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀.” Ó sọdá Jọ́dánì pẹ̀lú rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, ó sì jẹ́ kí ó padà sílé. Ọlá ni èyí náà jẹ́.

Ọjọ́ Ìbí Ta Ni?

Mi ò sọ pé kí àwọn ọmọ má ṣe náwó lé òbí wọn lórí. Òbí tí ó ta aṣọ kí ọmọ lè san owó ilé ìwé yẹ fún ìnáwó. Ìyà ìgbà náà ni a fẹ́ fi ọjọ́ yìí pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń lọ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ìwé ìpè sọ pé aago 12 ọ̀sán. Aago 3 ni àlejò àkọ́kọ́ dé. Ìyá ti wọ aṣọ òkè láti aago 9, gèlè ti fún un lórí, kò tíì jẹun nítorí oní-fídíò ní kí ó má ṣe ba àtíkè jẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nílé. Wọ́n gbé sípíkà méjì tí ó ga ju ènìyàn lọ síwájú rẹ̀ gan-an. Etí àgbàlagbà kì í lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ láàrin ariwo bí ti ọ̀dọ́, nítorí náà kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń bá a sọ. Ó kàn ń mi orí. Nígbà tí ó di alẹ́, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sílé, àwọn ọmọ sì ń bá ìnáwó lọ. Lọ́jọ́ kejì, gbèsè bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Róòmù 13:8 kò fẹ́ kí a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kan bí kò ṣe ti ìfẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó nínọ́ tún wà níbẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, ka níná owó náírà àti fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní 2024, a rán ènìyàn lẹ́wọ̀n ní Èkó nítorí ẹ̀sùn yìí. Kò yẹ kí a gbọ́ pé níbi ìdúpẹ́ onígbàgbọ́ ni a ti rú òfin ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún bàbá ní owó, kí ó fi í sínú àpòòwé, kí ó fi í lé e lọ́wọ́.

Àbá Fún Àwọn Ọmọ

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ń bọ̀ wá pé 60, 70, 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba àwọn àbá wọ̀nyí lọ́wọ́ mi:

1. Ẹ bi í léèrè. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní, “Màmá, ta ni ẹ fẹ́ rí ní ọjọ́ náà?” Ẹ kọ orúkọ tí ó bá dá sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ti àwọn ọ̀rẹ́ tiyín. Bí ó bá dá ènìyàn mẹ́fà péré, àwọn mẹ́fà náà ni àlejò pàtàkì.

2. Ẹ tètè wá wọn rí. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ kan lè wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, òmíràn ti padà sí abúlé, òmíràn ti yí nọ́ńbà fóònù padà. Ẹ bèèrè ní ìjọ tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀, ẹ bèèrè lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà míràn ẹ ó gbọ́ pé ẹni náà ti sùn nínú Olúwa. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún òbí yín kí ọjọ́ náà tó dé, kì í ṣe níbi àríyá.

3. Ẹ fi ọkọ̀ gbé wọn. Àgbàlagbà púpọ̀ kì í wá nítorí wọn kò lè gun ọ̀kadà, wọn kò sì fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ike àti tówẹ́ẹ̀lì ìrántí, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún owó epo.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Aago 10 sí aago 2 ti tó. Ẹ yan ibi tí kò ní àtẹ̀gùn gíga, tí ilé ìyàgbẹ́ wà nítòsí, tí àga rẹ̀ ní ibi ìfẹ̀yìntì.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè jẹun. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ náà bí ti gbogbo ọjọ́. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì kù nínú ọbẹ̀. Àmàlà, ewédú àti ẹja tútù lè dùn mọ́ wọn ju ìrẹsì lọ. Omi gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì wọn ní gbogbo ìgbà.

6. Ẹ dín ariwo kù, ẹ sì fún wọn ní àyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ to àga wọn yíká, kí wọ́n lè máa wo ojú ara wọn. Fún odidi wákàtí kan, ẹ pa sípíkà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ bí ó ti mọ ọlọ́jọ́ ìbí àti ohun tí ó rí tí Ọlọ́run ṣe fún un. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fóònù. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó wá ohùn yẹn tì.

7. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn, ẹ gbé oúnjẹ àti ọlọ́jọ́ ìbí lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ kan bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí kò lè wá, kí ó pè lórí WhatsApp nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, kì í ṣe nígbà tí onílù ń lù.

Ẹ Parí Ìjà Kí Ọjọ́ Náà Tó Dé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ fẹnu kàn. Nígbà tí ẹ bá bi Màmá pé ta ni ó fẹ́ rí, orúkọ kan lè wà tí kò ní dá. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà, wọ́n jọ ṣòwò, wọ́n jọ wọ inú ìgbàgbọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ owó àjọ dé sí àárín wọn, tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tàbí ọmọ ẹnìkan kọ ọmọ ẹnìkejì sílẹ̀. Ọdún 15 ti kọjá. Bí wọ́n bá pàdé ní ọjà, wọ́n á wo ibòmíràn.

Ìyá mi, bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ṣé ẹ fẹ́ wá síwájú Olúwa pẹ̀lú ọrẹ ìdúpẹ́ ọdún 70 nígbà tí ẹni yẹn ṣì wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín nínú? Olúwa wa ti sọ ohun tí a ó ṣe ní Mátíù 5:23-24. Ó ní kí a fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa làjà, lẹ́yìn náà kí a padà wá rú u. Kò bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Kò ní kí a dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ wá.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tí a fẹ́ràn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó: ẹni tí ẹ ń bá ṣọ̀tá yìí wà lára àwọn díẹ̀ tí ó ṣì lè pe oríkì yín. Bí ó bá ṣáájú yín lọ, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ ó sì lọ jókòó nílé òkú, ẹ ó máa sunkún ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ. Ẹ rán ọmọ yín kan sí i. Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín, ẹ lọ fúnra yín. Bí ó bá sì kọ̀, ẹ ti ṣe tiyín níwájú Ọlọ́run. Bí ó bá gbà, kò sí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí ó tó o.

Bí Ọ̀rẹ́ Bá Ti Lọ Tán Ńkọ́?

Àwọn kan yóò ka ọ̀rọ̀ yìí, omi yóò sì bọ́ lójú wọn. Wọ́n á ní, “Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti lọ tán. Èmi nìkan ni ó kù.” Àwọn mìíràn kò bímọ, àwọn mìíràn bímọ ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà lókè òkun, ilé sì pa lọ́lọ́. Ìyá, bàbá, Olúwa kò gbàgbé yín. Ánà, ọmọ Fánúẹ́lì, jẹ́ opó tí ó tó ìwọ̀n ọdún 84. Bíbélì kò dárúkọ ọmọ kankan fún un. Ṣùgbọ́n inú tẹ́ḿpìlì ni ó ń gbé, láàrin àwọn tí ń retí ìràpadà, àwọn ni ó sì ń sọ̀rọ̀ Jésù fún (Lúùkù 2:36-38). Ó ti dàgbà, síbẹ̀ ó rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìjọ ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin, ṣé ẹ ní ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ ìbí àwọn àgbàlagbà ìjọ yín sí? Ta ni ó ń kan ilẹ̀kùn opó tí kò ní ẹni tí yóò se àsè fún un? Ìpàdé àdúrà ilé kan lè gbé e sórí ara wọn: ìkòkò ọbẹ̀ kan, àwọn ìyá márùn-ún tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀rí díẹ̀ àti àdúrà. Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti 1990. Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ òmìnira ni, iléeṣẹ́ ìjọba a sì wà ní títì. Ìjọ lè lo ọjọ́ náà láti kó gbogbo àwọn tí kò mọ ọjọ́ tí a bí wọn gan-an jọ, kí a ṣe ọjọ́ ìbí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olúwa wa sì sọ nínú Lúùkù 14:12-14 pé àwọn tí kò lè san án padà ni kí a pè, òun ni yóò sì san án.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí ó jókòó tì yín ní ìlà ìjókòó kan náà láti ọdún mẹ́ta lè di ọ̀rẹ́ bí ẹ bá bi í pé ilé ibo ni ó ń gbé. Ọ̀rẹ́ tuntun kò lè rọ́pò ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó lè bá yín gba oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu ìdánìkanwà.

Kí A Ṣe É Nígbà Tí Wọ́n Ṣì Ń Gbọ́

A mọ̀ bí a ti ń náwó lé òkú lórí nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rẹ́ tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá síbi ọjọ́ ìbí, a ó rán ọkọ̀ lọ gbé e wá síbi ìsìnkú. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, yóò pe oríkì òkú, òkú kò sì ní dáhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ dáradára tí a ń kà nínú ìwé ètò ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí a kà á létí ẹni tí ó ni ín nígbà tí ó lè rẹ́rìn-ín sí i.

Orin Dáfídì 90, àdúrà Mósè, fi 70 àti 80 ṣe ìwọ̀n ọjọ́ ayé wa, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí Ọlọ́run kọ́ wa láti máa ka àwọn ọjọ́ wa kí a lè gbọ́n. Mósè fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni 80 nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò (Ẹ́kísódù 7:7). Kálébù jẹ́ ẹni 85 nígbà tí ó ní kí a fún òun ní òkè tí àwọn òmìrán wà (Jóṣúà 14:10-12). Nítorí náà, ọjọ́ ìbí àgbà kì í ṣe ọjọ́ ìdágbére nìkan. Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí sí ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi í ṣe: ọmọ ọmọ kan wà tí kò tíì gbọ́ bí bàbá àgbà rẹ̀ ti gba Jésù, ọ̀rẹ́ kan wà tí kò tíì mọ Olúwa, àdúrà kan wà tí a kò tíì gbà tán.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún gbogbo àgbàlagbà tí o fi jíǹkí ìjọ rẹ. Má ṣe ta wọ́n nù ní ọjọ́ ogbó. Fún wọn ní ojú tí yóò ríran, ẹsẹ̀ tí yóò gbé wọn dé ilé rẹ, àti ọ̀rẹ́ tí yóò jókòó tì wọ́n. Àwọn tí ìjà pín níyà, mú wọn padà sọ́dọ̀ ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọ́ àwa ọmọ ní bí a ti ń gbọ́ ohun tí òbí wa ń fẹ́. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.